Ẹ̀yìn Ríro Nílé Tí Ìyá Ìyàwó Wà

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ilé rẹ̀ ṣe kéré tó, kí ó ṣe àìsàn, kí ìyá ìyàwó rẹ̀ sì wá tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni èmi àti ìyàwó mi háyà ní Ẹgbẹ́dá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù. Kó tó di pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn mi, mi ò ka ilé náà sí kékeré rárá. Mo kàn ń sùn níbẹ̀ ni. Mo ń jáde láàárọ̀, ilẹ̀ a ti ṣú kí n tó dé, mo jẹun, mo sùn. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì wa gba gbogbo yàrá tán, àfi ojú ọ̀nà tóóró kan tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tí mo wá dùbúlẹ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ni mo tó mọ̀.

Bébà ló bà mí lẹ́yìn jẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Akowonjo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń gé bébà fún wọn. Ẹni tí kò bá gbé bébà rí yóò rò pé ohun fífúyẹ́ ni. Kó lọ gbé páálí rẹ̀ kan ṣoṣo kó wá sọ fún mi. Ọdún gorí ọdún, mò ń bẹ̀rẹ̀, mò ń gbé, mò ń nàró, títí ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn mi fi yọ kúrò ní àyè rẹ̀, tó lọ tẹ iṣan tó wọ ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ náà ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fi ata ra. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣe é dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ dókítà. Ìrora ẹsẹ̀ lọ. Ti ẹ̀yìn ni kò lọ. Ó dà bí àlejò tí a ti sìn dé ẹnu ọ̀nà, tó tún yí padà wá jókòó.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Àwọn ọmọ wa wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Ta ni yóò dúró tì mí? Ìyá rẹ̀ gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n di ẹrù, wọ́n dé. Lọ́jọ́ tí Màmá wọlé, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ẹ̀yìn kọ̀ jálẹ̀. Mo dúró gbagidi, ojú ń tì mí.

“Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀yìn yìí ni.”

“Ẹ̀yin ọkọ ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀? Ẹ lọ sùn jàre.”

Báyìí ni mo lọ sùn. Mi ò mọ̀ pé òfin ni.

Màmá fẹ́ràn mi, kí n yáa sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló há mi mọ́lé. Lójú tiwọn, ẹni tí wọ́n bá ti fi abẹ ṣí lẹ́yìn dà bí ìkòkò tó ti sán, tí wọ́n fi nǹkan lẹ̀. Ojú kan ni kí ó wà. Bí mo bá dìde lọ sí ilé ìwẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n á máa wí pé, “Ẹ rọra o, òwú tí wọ́n fi rán an lè já nínú o.” Mo wá bàtà mi tì lọ́jọ́ kan. Abẹ́ àga tí wọ́n ń jókòó lé ni mo ti padà rí i, wọ́n fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ra nǹkan ọbẹ̀ lójú títì, ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn má baà wá máa yọ mí lẹ́nu ni. Mo ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí, ara mi á sì gbóná bí ẹni tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀.

Ká ní ìyá tó bí mi lọ́mọ ni, a ò bá ti jà. Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn, gbogbo ilé ìtẹ̀wé ló mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n àna ni. Ta ni yóò wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, kó ní, “Màmá, ó tó gẹ́ẹ́”? “Ẹ” ni wọ́n ń pè mí, “ẹ” ni mò ń pè wọ́n, a jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wa títí ọ̀wọ̀ náà fi fún mi lọ́rùn.

Ẹ wo ti omi gbígbóná. Màmá gbà pé omi gbígbóná dára fún ẹ̀yìn, òótọ́ sì ni, èmi náà rí i pé ó ń dín in kù. Ṣùgbọ́n wọn ò lè fi aṣọ gbígbóná tẹ ọkọ ọmọ wọn lẹ́yìn, èèwọ̀ ni, èmi náà ò sì lè bọ́ ẹ̀wù níwájú wọn. Nítorí náà, wọ́n á rẹ táwẹ̀lì, wọ́n á fún un, wọ́n á kan ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n á kọjú sí ibòmíràn, wọ́n á na ọwọ́ wọlé. Èmi á fẹ̀gbẹ́ rìn lójú ọ̀nà tóóró yẹn lọ gbà á. Kí n tó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì á ti tutù tán. “Ṣé ó wọ̀ wọ́n lára?” ni wọ́n máa ń bi ìyàwó mi nípa mi lálẹ́, bí ẹni pé mi ò sí nítòsí. Bí wọ́n bá ń kírun ní pálọ̀, mo máa ń yọjú wò wọ́n. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n á forí kanlẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún lọ sílẹ̀, kò sí “yéè”. Èmi tí mi ò tíì pé àádọ́ta kò lè bẹ̀rẹ̀ mú sálúbàtà. Mo ń jowú wọn, mo ń jowú àdúrà.

Nígbà tí oṣù ń lọ tí ìrora ò lọ, a padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ó tún ya fọ́tò ẹ̀yìn mi. Ó ní kí n fi ìka ẹsẹ̀ rìn, kí n fi gìgísẹ̀ rìn. Ó yẹ ibi gbogbo wò, ó ní, “Kò sí ohun tí a fẹ́ gé níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló kàn.” Ó kọ oògùn iṣan fún mi láti máa lò, ó sì rán mi sí àwọn fisió, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Màmá jókòó síta ní tiwọn, wọn ò gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ nígbà tí a délé. Wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹ̀rù abẹ ló ń bà mí, pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀, bóyá wọ́n gbàgbé nǹkan sínú. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí ló wá ń dùn mí?

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ló wá pè mí lórí fóònù. Àkọ́bí Màmá ni, ènìyàn rere ni, ó lawọ́, kì í sì í gbọ́ àlàyé.

“Ìyàwó mi mọ dókítà mìíràn,” ó ní. “Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí oṣù bá parí, èmi fúnra mi ni mo máa wá fi ọkọ̀ gbé yín. Wọ́n á tún un ṣí, wọ́n á wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má ro ti owó rárá.”

Mo ní dókítà tèmi sọ pé kò nílò rẹ̀. Ó ní, “Màmá ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi, ẹ farabalẹ̀.” Ó pa fóònù. Bébà ni mo fi ọdún mi gé, ohun kan ṣoṣo tí mo sì mọ̀ dájú nínú iṣẹ́ yẹn ni pé ibi tí abẹ bá ti gbà kọjá, kò sẹ́ni tó lè dá a padà bó ṣe wà. Wọ́n tún fẹ́ là mí lẹ́yìn, nítorí pé mi ò lẹ́nu láti bá ìyá ìyàwó mi jiyàn.

Ọ̀nà Ìgandó ni ibi tí àwọn fisió wà. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ, èmi àti Màmá, gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ni ẹ̀yìn mi kà. Nígbà tí a sún mọ́ ààtàn ńlá tó wà lọ́hùn-ún, Màmá fi gèlè bo imú, wọ́n tún fi etí ìborùn bo tèmi. Obìnrin tó gbà mí wọlé fún ìtọ́jú kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì ti pẹ́ tí ẹnì kan ti gbọ́ mi dé òpin. Ó tẹ ẹ̀yìn mi níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ó ní, “Ẹ̀yìn yín kò bàjẹ́. Iṣan tó bá ti pẹ́ nínú ìnira, bí wọ́n tilẹ̀ gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀, ó ṣì máa ń ké fúngbà díẹ̀. Ẹ wá tún fi sísùn sójú kan sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ó ní láti ṣiṣẹ́ ni, díẹ̀díẹ̀.”

Ó ní kí n máa rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n máa fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún bí mo bá fẹ̀gbẹ́ sùn, kí n má ṣe fi aṣọ gbígbóná sílẹ̀. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá kú tàbí tí ìtọ̀ bá ń jáde láìmọ̀, kí n sáré padà wá. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní ti ilẹ̀. Màá dùbúlẹ̀ gbalaja, màá ká orúnkún, màá gbé ìdí sókè, màá mú un dúró, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, màá dúró lórí ọwọ́ àti orúnkún bí ewúrẹ́, màá wú ẹ̀yìn, màá tẹ̀ ẹ́ wọnú, màá na ọwọ́ kan síwájú, màá na ẹsẹ̀ òdìkejì sẹ́yìn.

“Orí ilẹ̀ o, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì,” ó ní. “Ṣé ẹ ní ibi tí ẹ lè tẹ́ ẹní sí nílé?”

Mo ní a ní pálọ̀. Mi ò sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún un.

Nígbà tí ìyàwó mi dé lọ́jọ́ náà, mo ṣàlàyé fún un ní yàrá, mo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹnu mú. “Kí ni kí n wá wí fún màmá mi? Kí n ní kí wọ́n dìde ní pálọ̀ kí ọkọ mi lè ráyè na ìdí sókè?” Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹkún ló ń sun. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ kí wọ́n tún là mí, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rò pé a ń lé àwọn lọ.

Mo gbìyànjú orí bẹ́ẹ̀dì, fóòmù gbé mi mì. Mo gbìyànjú ojú ọ̀nà tóóró, orí mi kan kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wá ń dúró de ìgbà tí Màmá bá lọ ra nǹkan ọbẹ̀, tí wọ́n bá tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹ ò rí ayé? Ẹ̀wọ̀n tí mo ń bínú sí ló wá di ibi tí mo ti ń ráyè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Màmá fi bá obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ sọ ọ́ pé kó máa gbé e gòkè wá fún àwọn, kí àwọn má baà máa fi aláìsàn sílẹ̀ lóun nìkan. Ó tún di ẹtì. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo fáànù tí kò yí, ẹ̀yìn mi ń le sí i lójoojúmọ́, ìparí oṣù sì ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, níbi tí kànga wà. Wọn kì í yára ṣe é. Mo ní kò burú, mo rọra jáde sí pálọ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹlẹ̀. Mo ti na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, mo ti na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ni ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n gbàgbé kẹ́tù àlùwàlá wọn sí pálọ̀ ni.

Igbe tí Màmá ké, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. “Yéè! Ó ti ṣubú o! Ọkọ ọmọ mi ti ṣubú o! Ẹ gbà mí!” Kí n tó là’nu, àwọn ará ilé ti rọ́ wọlé. Ẹnì kan gbá mi mú lábíyá, ẹnì kan mú ẹsẹ̀, wọ́n ń fà mí sókè, ìrora gbé mi láti ìdí dé ọrùn, Màmá ń da omi sí mi lórí, wọ́n ń pe Ọlọ́run.

“Ẹ fi mí sílẹ̀!” Mo jágbe. Ojú Màmá ni mo ń wò. “Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ jáde fún mi nínú ilé mi!”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ará ilé tú mi sílẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá gbé kẹ́tù wọn, wọ́n lọ bu omi. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n wọlé wá kírun. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ìyàwó mi fi dé, nígbà tó sì dé, wọn ò fi ẹjọ́ mi sùn. Èmi ni mo sọ fún un, òun ló sì ṣàlàyé fún wọn pé eré ìdárayá tí fisió kọ́ mi ni mò ń ṣe nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé tíì mi wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bàtà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n mú àpótí kékeré tí wọ́n fi ń jókòó dáná, wọ́n jáde, wọ́n rọra fa ilẹ̀kùn pa dé. Mi ò gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbà lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀: “Rárá, ẹ ò lè rí wọn báyìí. Ọkọ ọmọ mi ń sùn.” Wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún mi ni.

Mo tẹ́ ẹní. Mo ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà láràárọ̀. Mi ò ní sọ pé ìrora lọ, kò lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé mo lè jókòó jẹun tán. Mo lè wọ ṣòkòtò láìfara ti ògiri. Mo ń rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé pálọ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Mo ń na ẹsẹ̀, etí mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ amúnáwá tó wà nísàlẹ̀ ń tú èéfín sórí àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń gòkè ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ ya ẹsẹ̀ yín,” Màmá á sì máa bẹ̀ wọ́n, “Ẹ má bínú, ẹ má bínú o.” Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àpótí náà: “Yéè, ìbàdí mi.” Wọn kì í sọ ọ́ sókè. Mo ti lé ìyá ìyàwó mi síta kí n lè ráyè, pálọ̀ tó ṣófo sì wá há mọ́ mi ju yàrá lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pé kó má wá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ilẹ̀ rẹ̀ máa mọ́ sí ọjọ́ Àìkú yẹn, Màmá gbé àpótí wọn jáde. Mo tẹ́ ẹní. Mo dúró lórí rẹ̀ títí, mi ò lè kúnlẹ̀. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ wọlé.”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹ ti ṣe tán?”

“Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ lọ ṣe é tán ná. Mo wà pa níbí.”

“Mi ò lè ṣe é kí ẹ wà lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wọlé, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi.”

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n yí i, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹlẹ̀. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo wú ẹ̀yìn, mo tẹ̀ ẹ́ wọnú. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo na ẹsẹ̀ òsì, gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Ìrora dé, mo dúró dè é, mo ń mí, ó rọlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ti yí àga padà. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, ọwọ́ wọn wà lórí ìtan.

“Ṣé èyí ni mo ń ké lé lórí níjọ́sí?”

“Òun ni, Màmá.”

Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n pe ọmọkùnrin wọn. “Má wá lọ́la mọ́,” wọ́n ní. “Mo ní má wá. Wọn ò tún ní gé e. Mo ti fojú ara mi rí i.” Ẹni yẹn ń ṣàlàyé lọ́hùn-ún, Màmá pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi.

“Ẹ tún ti òsì yẹn ṣe. Mi ò rí i dáadáa.”

Mo tún un ṣe. Wọ́n ń wò mí, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń fi etí ìró nu ojú.

“Nínú gbogbo ọmọ tí mo ní,” Màmá wí, “ẹ̀yin nìkan ni mi ò rí níjọ́ tí ẹ ń rákòrò.”